Bí A Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ fún Ẹ̀ka Ayédé

"Ìyá Tèmi, ẹ tètè kó páànù wọ̀nyẹn kúrò níwájú ọmọ yìí o. Irin tó ti dípẹtà kì í pariwo kó tó bu ni jẹ."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé tí a yá ní Ìkọ̀lé ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní etí agolo gé ọmọ kan ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì rán ojú ibẹ̀. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ọmọ mi fi ọ̀bẹ bó ọsàn, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Kí nọ́ọ̀sì tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, mo ti wá àpò ìrẹsì tó ṣófo, mo sì ti kó gbogbo rélùwéè onípáànù tí ọmọ mi fi ń ṣeré nílẹ̀ pálọ̀ sínú rẹ̀. Mo so ẹnu àpò náà, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Tèmiladé, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà o. Kò tíì dé Ayédé."

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó mú mi jókòó láti kọ èyí nìyẹn, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, èmi náà sì mọ ẹni tó kọ́ mi.

Nígbà tí èmi wà ní kékeré, tí orúnkún tèmi àti tiyín ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kì í gbẹ fún egbò, Ayédé-Èkìtì ni à ń gbé. Bàbá Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ni ilé. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà, ó ń ṣọ́ ibùdókọ̀, ó ń fún ọkọ̀ láyè láti wọlé àti láti jáde, títí orúkọ ìlú náà fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé rélùwéè kò dé ìhà tiwa yìí rí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láyé ìgbà náà, mọ́tò ni yóò wọ̀ gba Ọ̀tùn kọjá kó tó lè dé ibi tí irin wà.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, àpótí méjì ló gbé bọ̀ wálé. Aṣọ kún inú ọ̀kan. Aago tó ti kú, wáyà, àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù kún inú èkejì. Àwọn ará àdúgbò ń retí pé yóò kọ́ ilé alájà. Pákó ni Bàbá rà. Ó kan àtíbàbà gígùn kan sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ́ pákó sórí búlọ́ọ̀kù láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo rọ rélùwéè. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó parí rẹ̀, àwọn yẹn náà ló ń yọjú lórí ògiri láti wò ó.

Mo ti wọn pákó náà rí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni. Ọ̀fà wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn rẹ̀ Ọ̀tùn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìdó, lẹ́yìn rẹ̀ Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé sì wà nípẹ̀kun lọ́hùn-ún. Bàbá kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sára pátákó tí kò ju ọmọ ìka lọ. Ojú irin ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀yẹ́, irin mìíràn yà sọ́wọ́ òsì, ó rọ̀gbà yí ìdí máńgòrò ká, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí a tò léra. Ayédé wa nìyẹn. Ẹ̀ka ni Bàbá ń pe ọ̀nà yìí. Ó ní bí àwọn aláṣẹ kò bá gbé rélùwéè wá sí ìlú wa, ọwọ́ òun kò rọ.

Èyí tó ń fà nínú ọkọ̀, orí ni à ń pè é. Èyí tí à ń fà, ọmọ ni. Orí mẹ́ta ni Bàbá rọ, ó sì fi sìpíríǹgì aago sínú wọn, tó jẹ́ pé bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ wáìn wọn, wọn yóò máa lọ fúnra wọn. Àgbà ló tóbi jù, agolo mílíìkì ńlá ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó dúdú bí kóró iṣin, Bàbá sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i nídìí. Ọlọ́jà ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, òun ló ń ná ọjà Ìdó. Ẹ̀kẹta ni Tíńtín. Agolo tòmátò lásán, ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò lọ́dà, kò dán, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń ka ilẹ̀. Kò sí ọmọ tó ń jà nítorí Tíńtín.

Màmá mi kò fẹ́ kí n sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ máa ń ba màmá mi ju bó ti yẹ lọ, ẹ má sì bi mí níbi tí mo ti rí tèmi. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá mi ní àtíbàbà, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní o. Páànù ni nǹkan yìí."

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó fa òwú díẹ̀ já nínú ìrọ̀rí tó fi ń jókòó, ó gbé Àgbà, ó sì fi òwú náà ra gbogbo etí páànù rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na orí ọkọ̀ náà àti òwú sí màmá mi. "Ìyàwó wa, ìwọ náà rà á. Bó bá fa òwú, mú ọmọ rẹ lọ."

Màmá mi rà á. Kò fa òwú. Ó tún rà á ní gbogbo ibi tó rò pé Bàbá fò. Òwú náà jáde bó ṣe wọlé. Ohun tí Bàbá máa ń ṣe ni pé yóò ká etí páànù padà sínú, yóò fi òòlù lù ú mọ́lẹ̀, yóò fi sáńpépà rà á, yóò sì fi òwú yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá fa fọ́nrán kan péré, yóò tún un ṣe. Kò sí ẹyọ kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé òwú ti gbà á láyè. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ọmọ náà pé òun ń ṣọ́ ọ.

Sátidé ni ọjọ́ eré àwa ọmọ ilé. Kí ẹsẹ̀ mi tó lè dé àtíbàbà, mo ní láti pọn omi lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n gbá àgbàlá, kí n sì yí kòkó tí a sá sórí ẹní kí oòrùn lè kan ìdí rẹ̀. Òórùn kíkan kòkó náà kì í kúrò ní ìka mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí a bá ṣe tán, ìyàwó Bàbá yóò ti fi iṣu sínú eérú gbígbóná. A ó ha èèpo rẹ̀, a ó fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́ lórí ìdúró, Bàbá yóò sì sọ pé kí ẹni tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ má fọwọ́ kan irin òun.

Bàbá a máa kọ ohun tí ọkọ̀ máa kó lọ́jọ́ náà sórí síléètì. Páálí ìṣáná tó kún fún iyanrìn ni àpò kòkó, ẹ̀kùrọ́ ni èrò, òfìfo ìdí òwú ìránṣọ ni agbá kẹrosíìnì. Ẹni tó bá kàn lára àwa ọmọdé ni ọ̀gá ọ̀nà. Òun ni yóò yan orí, òun ni yóò yan ọmọ, òun ni yóò sì mú ọ̀pá ọ̀nà lọ́wọ́. Ọ̀pá náà kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún ẹ̀ka, awakọ̀ tí kò mú un dání kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí ẹ̀ka láé. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ yóò bi ọ̀gá ọ̀nà pé, "Ọ̀gá, ṣé ọ̀nà mọ́?" Ọ̀gá yóò wo ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, yóò ní, "Ọ̀nà mọ́," yóò sì na ọ̀pá sí i.

Bí a ṣe ń yan ọkọ̀ fún ẹ̀ka ni ohun tó le jù. Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀ka kì í ṣe ojú irin ńlá tó kúrú. Ọ̀nà mìíràn gbáà ni. Ìgun ìdí máńgòrò há, orí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kò lè ká mọ́ ọn. Òkè wà níbẹ̀, ẹrù wíwúwo kò ṣeé fà gòkè. Àti pé ní Ayédé, ibi tí orí ti ń yípo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ kọjá kó lè padà bọ́ síwájú kò gbà ju ọmọ mẹ́ta lọ. Bí o bá mú mẹ́rin lọ, orí kò ní ráyè kọjá, ọwọ́ ni wàá fi máa ti ọkọ̀ rẹ bọ̀ wálé bí ọmọlanke tó bàjẹ́. "Uṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ wò," báyìí ni Bàbá ń fi ohùn Èkìtì wí, "lẹ́yìn náà ọ̀nà. Ọkọ̀ ló kẹ́yìn." Bí ọ̀gá ọ̀nà bá ṣì í yàn, Bàbá kò ní sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀nà ni yóò sọ fún un. Ìyà rẹ̀ sì ni kí ọmọ náà yí kòkó gbogbo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọ̀rẹ́ Bàbá kan wá kí i láti Ọ̀fà ní ìsinmi Àjíǹde. Awakọ̀ rélùwéè gidi ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Awakọ̀ la sì ń pè é. Kó tó dé, Bàbá ti sọ fún wa pé ẹni tó bá yan ọkọ̀ ẹ̀ka dáadáa lójú ọ̀rẹ́ òun ni yóò máa tọ́jú ọ̀pá ọ̀nà láti ọjọ́ náà lọ, kò ní tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ni Sátidé náà kàn. Káyọ̀dé, ọmọ Bàbá, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Bọ́sẹ̀dé, gbé e fún mi kí n bá ọ ṣe é. O máa dójú tì wá níwájú àlejò."

"Èmi ló kàn."

"Ìdí ìkòkò ló kàn ọ́. Ta ló rí obìnrin nídìí rélùwéè rí?"

"O máa rí i lónìí."

Mo fẹ́ ọ̀pá náà ju aṣọ ọdún Àjíǹde tí wọ́n rán fún mi lọ. Àlejò jókòó sórí àga, ó ré ẹsẹ̀ léra. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa gbọ̀ọ̀rọ̀. Bàbá gbé síléètì sílẹ̀. Ohun tó kọ sí i kò tíì kúrò lórí mi: lílọ, èrò mẹ́rin àti agbá kẹrosíìnì méjì, bíbọ̀, èrò méjì àti àpò kòkó mẹ́fà.

Mo kà á. Mo mọ orí tó yẹ kí n yàn. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí bàtà àlejò tó ń dán, mo sì rí Tíńtín tó jókòó bí agolo tí adìyẹ fi ń mu omi. Ojú tì mí láti fi í han awakọ̀ gidi. Mo bá gbé Àgbà. Mo so ọmọ márùn-ún mọ́ ọn nídìí, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti èrò, àwọn tó ní fèrèsé, tí Bàbá kùn ní pupa. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìlara ni.

Àgbà gbéra ní Ọ̀yẹ́ bí ọba. Ó dé ìgun ìdí máńgòrò, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wọlé, ti ẹ̀yìn kọ̀, ó gbé ara sókè, ó sì ṣubú lulẹ̀ tòun tọmọ márààrún. Ẹ̀kùrọ́ fọ́n káàkiri. Adìyẹ sì dé lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé èrò méjì lọ.

"Ọwọ́ rẹ dà? Na ọwọ́ rẹ kí n rí i!" Màmá mi ti dé ọ̀dọ̀ mi kí páànù tó dákẹ́ ariwo.

Bàbá gbé Àgbà nílẹ̀. Ihò èéfín rẹ̀ ti tẹ̀. Kò lù mí, kò jágbe mọ́ mi. Ó bi mí ní ìbéèrè kan: "Bọ́sẹ̀dé, ta ni o yàn án fún? Ọ̀nà ni àbí àlejò?"

Mo bú sẹ́kún. Àlejò ló dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún un yàn. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ọkọ̀ gidi sì lèmi fi ṣe é. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo padà sídìí síléètì. Èrò mẹ́rin, ọmọ èrò kan á gbà wọ́n. Àpò kòkó mẹ́fà, mẹ́ta ni ọmọ ẹrù kan ń gbà, méjì á kó o tán, agbá kẹrosíìnì á sì jókòó sínú wọn ní lílọ. Ọmọ mẹ́ta péré. Ẹrù kò wúwo ní gígòkè, kòkó tó wúwo máa bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ ni. Mo gbé Tíńtín. Mo so ọmọ ẹrù méjì tẹ̀ lé e, mo fi ọmọ èrò sẹ́yìn. Mo ṣa ẹ̀kùrọ́ mìíràn wá dípò àwọn tí adìyẹ gbé lọ. Lẹ́yìn náà mo wo ojú irin láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ayédé, mo mú ewé máńgòrò kan kúrò lórí rẹ̀.

Káyọ̀dé ló yẹ kó wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò dìde. Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba níwájú mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀, ó sì bi mí bó ṣe ń bi àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀: "Ọ̀gá, ṣé ọ̀nà mọ́?"

Mo kúnlẹ̀, nítorí wọn kò kọ́ mi láti nawọ́ nǹkan sí àgbà lórí ìdúró. Mo ní, "Ọ̀nà mọ́, sà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá.

Tíńtín yí ìdí máńgòrò ká láìfì. Ó gòkè bí arúgbó tó mọ ilé rẹ̀. Ní Ayédé ó kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀, ó yípo, ààyè tó kù fún un kò ju ìka kan lọ, ó bọ́ síwájú, ó já èrò mẹ́rin àti agbá méjì sílẹ̀, ó kó èrò méjì àti kòkó mẹ́fà, ó sì padà sí Ọ̀yẹ́. Àpò kan kò jábọ́. Àlejò ní òun ti wa ọkọ̀ tó tóbi ju ilé yìí lọ, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó bá ọ̀nà rẹ̀ mu bẹ́ẹ̀. Bàbá so okùn mọ́ ọ̀pá ọ̀nà, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Mo ṣì yí kòkó gbogbo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí Àgbà tó ṣubú. Òfin ni òfin. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Káyọ̀dé ló ń bá mi gbé ẹní.

Bàbá Ọ̀fà ti lọ sinmi. Káyọ̀dé di tíṣà ní Ọ̀tùn. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe, òun ló kó rélùwéè náà wá fún mi ní Ìkọ̀lé. Ó ní, "Ìwọ lo ni ọ̀pá." Bí ó ṣe dé ọwọ́ Tèmiladé nìyẹn. Ó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó tilẹ̀ fi agolo sàdíìnì rọ ọmọ ẹrù kan kún un.

Ní ọjọ́ kẹta tí àpò ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo kọ èyí dé ibi tí Bàbá ti fi òwú ra páànù, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo gbé àpò náà bọ́. Mo kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní òwú. Ó rò pé ọmọ ti gé ọwọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé, òun náà bá mi jókòó sílẹ̀. Orí mẹ́ta, ọmọ méjìlá. A ra gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, èyí tí Bàbá ṣe kò fa fọ́nrán òwú kan. Ìpẹtà wà lára wọn lóòótọ́, a sì fi sáńpépà ha á kúrò. Ọ̀kan ṣoṣo ló fa òwú, èyí tí Tèmiladé fi agolo sàdíìnì ṣe. Mo pè é wá, mo fi bí a ṣe ń ká etí páànù hàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe kí òwú tó gbà á láyè. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọwọ́ bàbá yìí dára ju ti àwọn dókítà mìíràn lọ." Mo ṣì mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìwọ̀n tí mo lè ṣe.

Nígbà tiwa, egbò kì í wọ́n, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan máa ń wà nítòsí tó ti fọwọ́ ra etí nǹkan kí a tó fọwọ́ kàn án. Lóde òní, à ń ra ohun ìṣeré oníke tí kò lè gé ẹnikẹ́ni, kò sì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. À ń ti géètì, à ń gbé fóònù fún wọn kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́. Èmi náà wà nínú wọn. Nígbà tí mo gbé àpò yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, èmi náà kò yàn fún ọ̀nà. Ẹ̀rù mi ni mo yàn fún.

Ní alẹ́ Mọ́ńdé, kí a tó jẹun, Tèmiladé to irin sílẹ̀ pálọ̀. Mo kọ iṣẹ́ sórí bébà fún un, mo sì ń retí pé Àgbà ni yóò gbé, nítorí mo ti tún ihò èéfín rẹ̀ ṣe. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan. Ó ka bébà tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú tọ irin lọ títí dé abẹ́ àga tó jẹ́ òkè Ayédé. Lẹ́yìn náà ló gbé Tíńtín, ó sì so ọmọ mẹ́ta mọ́ ọn. Ó na ọ̀pá ọ̀nà sí mi, nítorí ó ní èmi ni ọ̀gá títí òun yóò fi yege. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè: "Ọ̀gá, ṣé ọ̀nà mọ́?"

Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, "Ọ̀nà mọ́."

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀rù ohun tí ọmọ yín fi ń ṣeré bá bà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òwú kí ẹ tó mú àpò.